Fáwùlù Karùn-ún

…àforíjì. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun tọrọ àforíjì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́? "Òpómúléró, balógun ikọ̀ wa nígbà náà, ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí pé ó—" Nítorí pé ó ṣe kí ni? Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Mo tún pa á rẹ́. Bébà ti fẹ́ lu níbi tí mò ń fi rọ́bà ìpàwérẹ́ ha. Ìlà kan ṣoṣo láti àárọ̀. Èmi tí mo kọ orí mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́ta láì wẹ̀yìn, ìlà kan ló wá dá mi dúró gbagidi.

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Akọ̀wé ọ́fíìsì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ àgbà: "Bàbá, àwọn atẹ̀wé ń bọ̀ lọ́la o. Orí karùn-ún nìkan ló kù, ẹ ẹ́ kàn parí ẹ̀ ni." Ẹ ẹ́ kàn parí ẹ̀ ni. Bí ẹni ní kí n kàn fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Mo kọ orí kìíní títí dé ìkẹrin, mo fo karùn-ún, mo kọ kẹfà àti ìkeje. Mo ní màá padà sí i. Mo ń padà sí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Yàrá yìí gbóná. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìṣeré ni, níbi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù tó bẹ́ àti àwọ̀n tó já sí. Fáànù wà lókè, apá kan ti yẹ̀ lára rẹ̀, ó kàn ń ké ni, kò fẹ́ atẹ́gùn. Páálí mọ́kàndínlógún ló yí mi ká, gbogbo rẹ̀ kún fún ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje tí èmi fúnra mi fọwọ́ ara mi kọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ pápá, tí mò ń kọ ẹni tó jù ú wọlé, ẹni tó jù ú sóde, ẹni tó ṣe fáwùlù. Bàbá Tábìlì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi. Tí inú bá ń bí ìyàwó mi, òun náà á ní, "Bàbá Tábìlì, ẹ wá jẹun, tábìlì ò ní sá lọ." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n kọ ìtàn ikọ̀ náà, nígbà tó pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní ta ló tún mọ̀ ọ́n tó mi. Òótọ́ ni. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó mi…

Orí kìíní dùn ún kọ. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Ikọ̀ ọkùnrin orílẹ̀-èdè yìí tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀: òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ mẹ́rin, ṣọ́jà mẹ́ta, olùkọ́ méjì, àti ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe yìí ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kó tó kú. Símẹ́ǹtì tó ń bó ni pápá wọn. Irin rìbìtì tí alágbẹ̀dẹ rọ mọ́ pákó ni apẹ̀rẹ̀, kò sí àwọ̀n nísàlẹ̀ rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá kọjá, wọ́n á máa jà sí i bóyá inú ló gbà tàbí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrù fún ọjọ́ méjì lọ gba ìdíje wọn àkọ́kọ́ lẹ́yìn odi. Bàtà mẹ́jọ ló wà fún èèyàn mẹ́wàá, ẹni tó bá ń jáde á bọ́ tirẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé. Wọ́n fi póìntì mọ́kànléláàádọ́ta nà wọ́n. Wọ́n sì ń kọrin bọ̀ wálé. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe yẹn ní, "A rò pé a gbìyànjú ni, àfìgbà tá a délé."

Orí kejì, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn. Orí kẹta, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan dé tó máa ń lé wọn gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn títí wọ́n á fi bì, wọ́n gbà á ní òṣìkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Orí kẹrin, Òpómúléró dé. Káfíńtà ni, ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba wọ gbogbo ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Tó bá dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí gbogbo wa á balẹ̀. Àwọn èèyàn ò kí i lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́, òpó tó mú ilé ró ni wọ́n ń kí. Nọ́mbà mẹ́jọ. Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀, nọ́mbà mẹ́tàlá dé. Nọ́mbà mẹ́tàlá… Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbíkẹ́yìn. Mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi pamọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan orí karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan—

Ká ní mi ò lọ yẹ awò ojú mi wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni. Ká ní mo ti sùn gbàgbé. Mo dé ilé ìwòsàn ojú, mo rí ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jókòó báyẹn, Òpómúléró ni. Mo fẹ́ yà. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá èèyàn mọ̀ báyìí. "Ẹ̀gbọ́n Tábìlì! Ẹ̀yin nìyẹn, àbí?" Mo jókòó tì í. Ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ òjò:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ó jọ pé mo fọwọ́ kan ọmọ yẹn lóòótọ́. Gbogbo ayé ò lè máa rí nǹkan kan náà kó wá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo tọ̀nà. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ìwé. Ẹ bá mi fi síbẹ̀ pé mo tọrọ àforíjì. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè."

Mo ní, "Ó dáa, àbúrò. Màá fi síbẹ̀." Mo dá a lóhùn kíá. Mi ò tiẹ̀ mí sí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Kò fọwọ́ kàn án. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run mọ̀, èmi náà mọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìka. Ta ni mò ń ṣàlàyé fún? Kò burú. Láyé ìgbà tiwa, nọ́mbà àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́rin, ó parí sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rẹfirí kì í fẹnu pè é, ta ló máa gbọ́ ọ nínú ariwo? Ìka ló fi ń kà á fún wa nídìí tábìlì. Mẹ́jọ: ọwọ́ kan á là, ìka márùn-ún gbalaja, ọwọ́ kejì á na mẹ́ta. Mẹ́tàlá: ọwọ́ kan á di ìkúùkù, ọwọ́ kejì á na mẹ́ta. Ìyàtọ̀ wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó là àti ọwọ́ tó dì. Tí ẹnì kan bá kọjá níwájú rẹ̀, tí òógùn bá wọ̀ ọ́ lójú, tí èrò bá dìde… Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́jú méjì ló kù. A fi póìntì mẹ́rin síwájú. Tí a bá borí, a ti dé ìdíje àgbáyé nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mẹ́jọ ti ní fáwùlù mẹ́rin lọ́rùn. Mẹ́tàlá náà ní mẹ́rin. Èyí tó bá gba ìkarùn-ún nínú wọn, ó di ìjókòó, kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Àwọn mẹ́ta fò sókè lábẹ́ apẹ̀rẹ̀: mẹ́jọ tiwa, mẹ́tàlá tiwa, àti àlejò kan tó ṣubú lulẹ̀ gbì. Fèrè dún. Rẹfirí sáré wá síwájú tábìlì, ó na ọwọ́, ó yí padà. Mo kọ mẹ́jọ. Mo gbé pátákó pupa sókè, pátákó karùn-ún.

Rẹfirí tó pè é ti kẹ̀yìn sí wa, ó ti ń to àwọn èèyàn sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún jíjù ọ̀fẹ́. Èkejì rẹ̀ ló rí pátákó mi, òun ló júwe ọ̀nà ìjókòó fún Òpómúléró. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó ya wèrè lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Ó rìn wá bá mi. Ó tẹrí ba sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ pe rẹfirí kẹ́ ẹ bi í." Ẹ jọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ sọ. Agogo wà níwájú mi. Mo kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni, eré á dúró, rẹfirí á padà wá, á tún na ọwọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo sọ fún un pé, "Ohun tí mo kọ ni mo kọ."

Ìgbà yẹn ló wá gbá tábìlì. Ìwé fọ́n ká, aago fọ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá méjì gbé e jáde. Ohun tí gbogbo ayé rántí nìyẹn. Póìntì kan ni wọ́n fi borí wa. Ìgbìmọ̀ fi òfin ọdún méjì dè é, kò sì padà wá mọ́ láéláé. Gbogbo ibi tó bá dé ló ń sọ pé òun ò fọwọ́ kàn án, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní N-ò-fọwọ́-kàn-án. Tó bá gbé àga lọ fún oníbàárà, tí ẹsẹ̀ àga bá ń mì, wọ́n á ní, "Ta ló kan èyí?" "N-ò-fọwọ́-kàn-án ni!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọn ò tíì bí lọ́jọ́ yẹn ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i rí, ní ọ́fíìsì yìí gan-an. Ẹ̀rín gidi ni.

Orí kẹfà, mo kọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin péré: ọdún méje láìborí ẹnikẹ́ni, gbọ̀ngàn tó ń jò, akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ́kànlá tí wọ́n ń gbà tí wọ́n ń lé. Orí keje, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n ń pàdé ara wọn ní pápákọ̀ òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹnì kan ń bi ẹnì kejì pé kí lorúkọ ẹ. Wọ́n mọ eré gan-an. Wọn ò mọ ara wọn ni. Ibo ló ti dàrú? Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí á béèrè. Wọ́n á ṣí orí karùn-ún, wọ́n á rí Òpómúléró tó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n á ní, òun náà nìyẹn, ó ti jẹ́wọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Èyí ti lọ lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n o. Bóyá òótọ́ tèmi, arọ ni.

Rẹfirí yẹn mọ̀. Lẹ́yìn eré, ó wá fọwọ́ síwèé. Ó wo ìlà mẹ́jọ. Ó wo ìlà mẹ́tàlá. Ó wò mí. Èdè wa ò yé ara wa, àlejò ni, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń dúró. Ó fọwọ́ sí i, ó rọra fi bírò lélẹ̀. Ẹni kan nìyẹn. Ẹni kejì ni èmi. Ẹni kẹta…

Mi ò fẹ́ ronú kan ẹni kẹta. Ẹni kẹta ni Alága àjọ wa, àbúrò mi nọ́mbà mẹ́tàlá. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè orí mi báyìí, mò ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, aṣọ funfun, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló tọ́ sí. Ẹ sáà kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n." Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Nítorí òfin kan wà nígbà náà, wọ́n ti pa á rẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ṣe fáwùlù gbọdọ̀ na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, kí àwa tá a wà nídìí tábìlì lè rí i. Àbúrò mi mọ̀ pé òun ni. Òun ló gbá ọmọ yẹn lápá. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, ó ti kọjá èjìká… Lẹ́yìn náà ó fi họ orí. Ó họ orí! Ó dúró sí pápá, ó ju póìntì mẹ́fà wọlé kí eré tó parí. Ọkùnrin kan láti òkè òkun, tó ń yan agbábọ́ọ̀lù kiri, jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé ìwé kékeré lé orúnkún, gbogbo ìdílé wa ló mọ ẹni tó wá wò. Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò mi fi gba bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún. Ìyá wa kú sínú ilé tó kọ́ fún un, ó kú pẹ̀lú ẹ̀rín.

Mo ti di àbúrò mi sínú láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀, òun gan-an ò mọ̀. Tó bá mú nǹkan wá fún mi, màá gbà á, màá súre fún un, ọwọ́ yẹn ni màá máa wò. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé: èmi, àṣìṣe ni tèmi. Ojú mi ló ṣì í rí. Èèyàn ń ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n òun mọ̀, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ ju tèmi lọ. Tí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, tirẹ̀ á tẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń jí lójoojúmọ́.

Tó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀… tó bá jẹ́ pé àṣìṣe lásán ni mo ṣe… kí ló dé tí ara fi tù mí lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú?

Ara tù mí. Mo ti ń pè é ní àánú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àánú ọkùnrin yẹn ṣe mí débi tí omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Kì í ṣe àánú. Nígbà tó ní ó jọ pé òun fọwọ́ kàn án lóòótọ́, ńṣe ló dà bí ẹni sọ ẹrù orí mi kalẹ̀. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo bu kún un! Ẹni tí ojú rẹ̀ kàn ṣì í rí, ṣé ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé aláìṣẹ̀ ti gba ẹ̀bi?

Kí n wo ìwé yẹn. Ó wà nínú páálí kejìlá, kò di pé mo ń wá a, ọwọ́ mi mọ ibẹ̀. Òun rèé. Ó ti pọ́n létí. Ipa bàtà wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó fọ́n sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn… gbogbo rẹ̀ wọ́ pálapàla. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà náà, ara gbogbo èèyàn ló ń gbọ̀n. Méjì yìí dà bí mẹ́ta. Èyí tún fò kúrò lórí ìlà. Ibí yìí mo tẹ bírò débi pé ó ya.

Fáwùlù karùn-ún, ìlà mẹ́jọ… 

Ó gún. Ó gún régé, àárín àpótí rẹ̀ gan-an. Kò wọ́. Kò tẹ̀. Bí ẹni tó jókòó sílé, tó mu omi tútù, tó wá kọ ọ́. Ẹni tó ń kánjú kì í kọ̀wé báyìí. Ẹni tí nǹkan rú lójú kì í kọ̀wé báyìí. Mo rọra kọ ọ́ ni. Mo mọ ohun tí mò ń kọ.

Kò sẹ́ni tó kọjá níwájú rẹfirí. Òógùn kankan ò wọ̀ mí lójú. Ọwọ́ rẹ̀ dì, mo rí i pé ó dì, mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ká lé àwọn ìka yòókù. Mo rí ọkùnrin tó gbé ìwé lé orúnkún. Mo rí ìyá wa lẹ́yìn rẹ̀, tó fi etí gèlè nu ojú. Gbogbo ìyẹn láàárín ìgbà tí mo gbé bírò àti ìgbà tí mo sọ ọ́ lórí ìwé.

Ọwọ́ àbúrò mi ńkọ́? Ọwọ́ tó ti ń gòkè yẹn. Kí ló sọ ọ́ kalẹ̀? Ọmọ tí kì í purọ́ ni, látikékeré. Tó bá fọ́ nǹkan, òun ló máa ń wá sọ. Ó ń na ọwọ́, ó ń na ọwọ́, ó kọjú sí tábìlì…

Ìyá wa kì í bá wa wí lójú àlejò. Ó máa ń wò wá ni. Tí kò bá sí nílé, èmi àkọ́bí ni mo máa ń wo àwọn àbúrò mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí a kọ́ dáadáa, ojú lọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àbíkẹ́yìn ló mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wọn, kì í dúró kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ tó gbọ́ràn ni àbúrò mi. Mo wò ó, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.